Omi Ẹ̀rọ Tí Kò Dájú àti Ààbò Nínú Ilé ní Nàìjíríà

Omi ẹ̀rọ tí kò dájú ni omi tí ó gba inú páìpù, táńkì tàbí kànga ẹ̀rọ wá sí ilé, ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àrùn tàbí èròjà olóró ti wọ inú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún. Ọ̀rọ̀ náà kan ìlú ńlá àti ìlú kékeré bákan náà, láti Kano dé Port Harcourt, láti Maiduguri dé Èkó, nítorí pé omi ìjọba kì í sun tọ̀sán-tòru ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀, àwọn onílé sì ti fi ọwọ́ ara wọn wá omi tiwọn. Ìlànà tí SON, àjọ tí ń ṣètò òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, gbé jáde fún omi mímu ní ọdún 2007 sọ pé kòkòrò E. coli kò gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà omi. Ìdí tí a fi ń wá kòkòrò yìí ni pé inú ìfun ènìyàn àti ẹran ni ó ń gbé. Bí a bá rí i nínú omi, ó túmọ̀ sí pé ìgbẹ́ ti kan omi náà ní ibì kan.

Ojú lásán kò lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Omi tí ó mọ́ gaara nínú ife lè kún fún kòkòrò onígbáméjì, nígbà tí omi tí ó pọ́n díẹ̀ nítorí ìpẹtà páìpù lè má ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn àmì kan wà tí ó yẹ kí ó mú ìfura wá: omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà lójijì, omi tí ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ tàbí bí epo, omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, àti ìròyìn pé ìgbẹ́ gbuuru ti mú ju ilé kan lọ ní àdúgbò kan náà.

Bí omi ṣe ń bàjẹ́ kí ó tó délé

Ní ilé iṣẹ́ omi ìjọba, wọ́n máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú omi odò kí ìdọ̀tí lè di ṣùùrù kí ó sì rì sísàlẹ̀. Wọn a gba omi náà kọjá nínú iyanrìn, wọn a sì fi klórínì pa kòkòrò tí ó kù. Omi tí ó jáde níbẹ̀ lè dára púpọ̀. Ojú ọ̀nà ni ó ti sábà máa ń bàjẹ́.

Páìpù tí ó kún, tí agbára tí ń ti omi inú rẹ̀ sì ga, ń dáàbò bo ara rẹ̀: bí ó bá tilẹ̀ jò, omi ni yóò máa tú jáde, ìdọ̀tí kò ní lè wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí wọ́n bá ti omi pa kí àdúgbò mìíràn lè rí tiwọn, agbára náà yóò lọ sílẹ̀, páìpù yóò ṣófo, ihò kan náà yóò sì di ẹnu tí ń fa nǹkan wọlé. Ohun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ni yóò fà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi gọ́tà ni, nítorí pé inú gọ́tà gan-an ni wọ́n gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wọ ilé kọ̀ọ̀kan kọjá. Àwọn tí ń dá páìpù ìjọba lu ní ìkọ̀kọ̀ láti so tiwọn mọ́ ọn ń dá kún ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀rọ tí àwọn onílé fi ń fa omi tààrà láti inú páìpù, nítorí pé ẹ̀rọ kan tí ó lágbára lè mú kí páìpù gbogbo òpópónà ṣófo. Omi àkọ́kọ́ tí ó bá jáde lẹ́yìn irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó léwu jù. Ó sì ṣeni láàánú pé òun náà ni gbogbo ilé máa ń sáré gbọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó mọ iye wákàtí tí yóò fi sun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kànga ẹ̀rọ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí bóhòlù, ti yọ nínú ewu yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìmọ̀ràn tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń tẹ̀lé ni pé kí ṣáláńgá tàbí kòtò ìdọ̀tí jìnnà sí orísun omi ní ìwọ̀n mítà 30 ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ní Èkó, ní Port Harcourt, ní Warri àti ní àwọn ìlú mìíràn tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, tí ilé sì há mọ́ra, kòtò ìdọ̀tí aládùúgbò lè wà ní mítà mẹ́wàá sí kànga ẹlòmíràn, ògiri sì dúró láàárín wọn tí ẹnì kan kò fi rí èkejì. Lẹ́yìn èyí ni táńkì orí òpó ń bọ̀. Táńkì tí ìdérí rẹ̀ ti fò lọ nínú ìjì jẹ́ ibi ìmumi fún ẹyẹ àti ibi ikú fún alángbá, omi tí ó sì dára láti abẹ́ ilẹ̀ lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Àwọn àrùn tí ó ń ti ibẹ̀ wá

Onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà, ni ó ń dẹ́rù bani jù nínú wọn, nítorí bí ó ṣe yára tó. Ó lè gbẹ omi ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní òwúrọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbì àrùn náà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Indonesia ní ọdún 1961 dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Nàìjíríà, ọdún 1991 jẹ́ ọdún burúkú: ó pa ju ènìyàn 7,000 lọ. Ní ọdún 2021, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àrùn, ka ju 100,000 ènìyàn tí a fura sí pé ó mú, ó sì pa ju 3,500 lọ nínú wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ni ó ti le jù lọ́dún náà.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń gba inú omi wá. Fáírọ́ọ̀sì kan tún wà tí ń fa ibà pọ́njú, èyí tí a mọ̀ sí hẹpatáítìsì E. Ó jà ní agbègbè Borno ní ọdún 2017 láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó léwu gidigidi fún aláboyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún. Nítorí náà, bí omi mímọ́ bá kéré nínú ilé, aláboyún, ọmọ ọwọ́, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún.

Sísè omi

Kò sí ọ̀nà tí ó dájú tó iná. Òtútù kì í pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí, klórínì pàápàá kì í lè pa ọ̀kan tí a ń pè ní Cryptosporidium dáadáa, ṣùgbọ́n omi híhó ń pa gbogbo wọn. Kí omi hó, kí ó máa ru gùdù láti ìsàlẹ̀ ìkòkò fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó ti tó. Ní orí òkè tí ó ga ju mítà 2,000 lọ, omi ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́ta ni a ń sè é. Ìlú Jos kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba orí òkè ní ẹ̀bá ààlà Cameroon, bíi Chappal Waddi, ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Nàìjíríà. Àṣà kí a máa sè omi fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò fi ààbò kún un. Gáàsì tàbí igi ìdáná ni ó ń jẹ, ó sì wà lára ohun tí ń mú kí ilé tí kò lówó lọ́wọ́ pa omi sísè tì pátápátá. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan tó lè máa ṣe é lójoojúmọ́.

Bí omi náà bá rú, kí a jẹ́ kí ó tòrò ná, kí a sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí a tó gbé e kaná. Lẹ́yìn tí ó bá hó, inú ìkòkò tí a fi sè é ni kí ó ti tutù, kí ìdérí wà lórí rẹ̀. Omi tí a sè tán tí a wá dà sínú ike tí a kò fọ̀, tàbí tí a fi yìnyín tí a fi omi ẹ̀rọ ṣe mú kí ó tutù, ti padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Klórínì

Níbi tí ìdáná ti wọ́n, klórínì ni ó rọrùn jù. Òògùn oníhóró ti klórínì wà ní ilé ìtajà òògùn. Èyí tí ó jẹ́ mílígíráàmù 67 wà fún lítà 20 omi tí ó mọ́, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì kan tí ó wọ́pọ̀. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí kò bá ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú. Kí a ka ara ìgò rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán méjì ni fún lítà kan, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀kán 40, nǹkan bíi mílílítà méjì, fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bí irú èyí tí a ń rí ní ọjà Nàìjíríà, yóò gba nǹkan bí ẹ̀kán mẹ́ta fún lítà kan. Bí omi bá rú, ìlọ́po méjì ni a ń lò. Kí a pò ó, kí a dé e, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Òórùn klórínì díẹ̀ yẹ kí ó kù lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí rárá, ìdọ̀tí inú omi ti gba gbogbo agbára òògùn, a ó tún ìwọ̀n kan náà ṣe, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Bílíìṣì tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn ní iwájú ìsọ̀ kì í ní agbára tí a kọ sára rẹ̀ mọ́. Inú òkùnkùn, ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ni ààyè rẹ̀ nínú ilé. Kí a má sì ṣe dà á sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi ìgò léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Álọ́ọ̀mù, aṣọ àti oòrùn

Álọ́ọ̀mù wà ní gbogbo ọjà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹni: omi rírú a tòrò láàárín wákàtí díẹ̀. Hóró igi moringa, tí àwọn Hausa ń pè ní zogale, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bí a bá lọ̀ ọ́ sínú omi. Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù ni pé omi tí álọ́ọ̀mù ti tòrò ti di mímu. Ó ti di omi tí ó rọrùn láti sè tàbí láti fi klórínì sí. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí kò tíì kú.

Asẹ́ aláṣọ ní ìtàn tí ó dára ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ní òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà, wọ́n rí ju 650,000 ènìyàn lọ ní ọdún kan. Inú kòkòrò omi kékeré kan, tí ó tóbi tó ohun tí aṣọ tí a hun dáadáa lè mú, ni ọmọ sòbìà ń gbé kí ó tó wọ inú ènìyàn. Nítorí náà asẹ́ aláṣọ ni ó di ohun ìjà: wọ́n pín in láti abúlé dé abúlé, wọ́n fi òògùn sí àwọn adágún, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì kọ́ ẹni tí egbò sòbìà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé kí ó má wọ inú omi mímu. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀ rí, wà lára àwọn tí ó rìnrìn àjò káàkiri nítorí rẹ̀, ó sì bá Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìpínlẹ̀ Enugu ni a ti rí ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà mú, ní ọdún 2008. Ní ọdún 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì kéré ju ojú aṣọ lọ. Ní Bangladesh, aṣọ sari ògbólógbòó tí wọ́n ká ní ìlọ́po dín onígbáméjì kù ní nǹkan bí ìdajì, nítorí pé kòkòrò onígbáméjì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹ̀dá omi tí ó tóbi jù ú lọ. Ìdajì dára ju òfo lọ, síbẹ̀ kò tó fún ẹni tí ó ní ìdáná tàbí klórínì.

Oòrùn pẹ̀lú ń pa kòkòrò. A ó rọ omi tí kò rú sínú ìgò ike tí ó mọ́ gaara, tí kò tóbi ju lítà méjì lọ, a ó sì tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ọjọ́ méjì ni yóò gbà. Ní àríwá, níbi tí oòrùn kò ti wọ́n, ọ̀nà yìí wúlò; ní gúúsù nígbà òjò, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí iná kò lè mú kúrò

Gbogbo ohun tí a ti sọ kan kòkòrò nìkan. Epo rọ̀bì, òjé àti èròjà olóró mìíràn kì í kú, nítorí pé wọn kò wà láàyè. Bí a bá sè omi tí òjé wà nínú rẹ̀, omi yóò fà, òjé yóò kù, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 2011, ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àyíká, UNEP, gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers: ní Nisisioken Ogale, wọ́n rí i pé èròjà benzene, tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu ní ìwọ̀n tí ó ju ìlọ́po 900 ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Eruku ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé inú kànga àti adágún pẹ̀lú. Níbi tí omi bá ti ń rùn bí epo, tàbí tí ìwakùsà wà nítòsí, ohun kan ṣoṣo tí ilé lè ṣe ni kí ó wá omi láti ibòmíràn, kí ó sì béèrè pé kí ìjọba ṣe àyẹ̀wò.

Ìpamọ́ omi

Ọ̀pọ̀ omi tí ó dára láti ẹnu ẹ̀rọ ni ó ń bàjẹ́ nínú ilé, ọwọ́ ni ó sì ń bà á jẹ́. Ẹnu amù Yorùbá gbòòrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti randa àwọn Hausa: gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè ki ife bọ̀ ọ́, ìka sì ń bá ife wọlé. Tulu àwọn Hausa àti udu àwọn Igbo, tí ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, kò gba ọwọ́ láàyè. Dídà ni a ń da omi inú wọn. Kẹ́ẹ̀gì jọ irú èyí, ìyẹn ni ó fi sàn ju báàfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ fún omi mímu. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn amù nítorí bí omi rẹ̀ ṣe ń tutù lè máa fi ife onígọ̀ọ́ńgọ́ gígùn kan ṣoṣo bu omi, kí ó fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀, kí ó sì máa fọ inú rẹ̀ déédéé. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gbé epo bẹntiróòlù tàbí òògùn oko rí kò ṣeé lò fún omi láé, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Omi tí a rà náà nílò ìfura. Àwọn tí ń ti omi kiri nínú kẹ̀kẹ́, tí àwọn Hausa ń pè ní mai ruwa tí ẹnu Yorùbá sì ti sọ di mẹ́rúwà, ń gba omi níbi tí wọ́n bá ti rí i. Omi wọn yẹ fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, ṣùgbọ́n kí a sè é kí a tó mu ún. Omi inú ọ̀rá, tí orúkọ àdúgbò rẹ̀ ń jẹ́ píọ̀ wọ́tà, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é lára. Kí a fọ ara ọ̀rá náà kí a tó fi eyín ya á.

Omi tí kò dájú léwu ní ibi tí àwọn ènìyàn kì í fọkàn sí: omi tí a fi ń fọ eyín, omi tí a fi ń fọ ewébẹ̀ àti èso tí a kò ní sè, omi tí a fi ń pò gààrí mu, yìnyín, kúnú àti zobo tí a fi omi tútù là. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù; ọmọ tí ó ń mu ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ nílò omi mìíràn.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀

Pípàdánù omi ara ni ó ń pa ènìyàn. Kí a fún aláìsàn ní ORS tí a pò mọ́ omi mímọ́ bí a ti kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí kò bá sí, a lè pò ó nílé: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì kan iyọ̀ nínú lítà kan omi mímọ́, kí ṣíbí náà kún déédéé láìga. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún un, léraléra, bí ó bá tilẹ̀ ń bì. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìṣanrẹsì, bí ojú bá jìn wọlé, bí ọmọ kò bá tọ̀ mọ́ tàbí tí ó ń sùn lọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì máa fún un ní ORS lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn omíyalé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá ńlá Maiduguri. Ṣáláńgá, kànga àti ojú ọ̀nà di omi kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Borno kéde pé onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Kànga tí omíyalé bá ti wọ kò ṣeé mu títí a ó fi fa omi inú rẹ̀ dànù, tí a ó fi klórínì fọ̀ ọ́, tí a ó sì yẹ omi tuntun rẹ̀ wò. Ìpàdánù kúrú ti iná tàbí ti omi kò le tó bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀rọ bá tún sun, kí a jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a gbọ́n èyí tí ó kọ́kọ́ mọ́ fún ìfọṣọ àti ilé ìyàgbẹ́, kí a sì máa sè omi mímu títí omi náà yóò fi sun déédéé fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì sí ìgbẹ́ gbuuru ní àdúgbò.